Ilé Tuntun, Amọ̀ Àtijọ́

Kambolé, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀

Múdàṣírù ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run bá ọ nínú yàrá tí o háyà sí ní Kouloundè, kó bá ìyàwó rẹ Sàdíátù, kó sì bá alùpùpù tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Bí o bá bèèrè wa, a wà. Ìyá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ràn. Iṣu ń ta, àgbàdo ti rí òjò mu. Ṣùgbọ́n òjò yìí kan náà ló ń fìyà jẹ Fàúsátù ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú mi. Bí n kò bá tò ó fún ọ láti ìpìlẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn lo máa ti gbọ́ ọ, wọn á sì ní bàbá rẹ ló ba ìlú jẹ́.

O mọ̀ pé ìjì ṣí òrùlé kíláàsì wọn lọ́dún tó kọjá. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ń kàwé láti ìgbà náà. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, mẹ́tùrù tó ń kọ́ wọn á ní kí wọ́n máa lọ sílé. Oṣù kejì rèé tí ọmọ yẹn ti wà lórí ìṣirò kan ṣoṣo, nítorí ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ parí rẹ̀ ni òjò ń dé.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì ìjọba ní Tchamba pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun yóò san owó kan, pé owó náà la ó fi kọ́ kíláàsì, nítorí ilé tuntun ló ń mú ọmọ wá síléèwé. Wọ́n pè wá sí ìpàdé ní ojúde baálẹ̀. A kọ́kọ́ kọrin ẹgbẹ́, a pàtẹ́wọ́ kí a tó mọ ohun tí à ń pàtẹ́wọ́ fún, ìgbà tí a fi mọ̀ ọ́n, kò ṣeé gbà padà mọ́. Àkànbí aládùúgbò wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù sórí ilé rẹ̀, dìde, ó ní kí wọ́n bi ilé òun bóyá ó ti lóyún rí. Ó ní òun àti ewúrẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ewúrẹ́ kò sì lọ síléèwé, kí Jàríátù tó ní ọmọ-ọmọ mọ́kànlá nínú ilé àtijọ́ lọ san án. Jàríátù ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, pàápàá ẹni tí obìnrin mẹ́ta ti kọ̀ sílẹ̀. Ìpàdé dàrú.

Baálẹ̀ wá ní kí èmi yanjú ẹ̀, nítorí ogójì ọdún ni mo ti ń mọlé, kò sí ògiri Kambolé tí n kò mọ ìtàn rẹ̀. Wọ́n kó fọ́ọ̀mù fún mi, kí n kọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan sí i.

Fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé yìí. Òrùlé kọ́ ni ilé. Fìlà ni òrùlé, bí ọkùnrin bá sì dé fìlà tuntun, a kì í ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Amọ̀ ni ilé. A kì í sì wa amọ̀ inú oko láti fi mọlé fún ọmọ, nítorí gbòǹgbò àti kòkòrò wà nínú rẹ̀, yóò là ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Àlàpà ilé bàbá ẹni la máa ń fọ́, a á fi omi rin ín fún ọjọ́ méje, a á da koríko sí i, a á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná. Amọ̀ tó ti là tán láyé àwọn bàbá kò ní ohun tí yóò tún là mọ́. Àlàpà bàbá bàbá mi ni mo fi mọ ilé tí o ní kí n kọ́ fún ọ, òun náà sì gba amọ̀ ọ̀hún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Mo wá kọ òótọ́: wọ́n ti kọ́ ọ kí àwọn Jámánì tó dé. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọdún kò ju hóró àgbàdo lọ, nítorí náà mo kọ ọ́ yí etí ìwé náà ká. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún gbogbo ilé. Àkànbí pè mí ní ọ̀mọ̀wé, ó fi àkùkọ kan ta mí lọ́rẹ.

Èmi fúnra mi ni mo kó àwọn fọ́ọ̀mù náà lọ sí Tchamba. Akọ̀wé wo ìwé, ó wò mí. Ó gbé tẹlifóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ láìkí i, láìbèèrè aya àti ọmọ. Ojú tì mí fún un, mo bá fi ohùn rara kí onítọ̀hún láti ẹ̀yìn. Ó lé mi síta.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé: Kambolé kò ní ilé tuntun kankan, nítorí náà kò nílò kíláàsì. Páànù kíláàsì tiwa ti gba ìlú Bago lọ.

Gbogbo àwọn tó ń kí mi kú iṣẹ́ wá di ọ̀tá mi. Àkànbí tí kò bí ọmọ kankan ló ń pariwo jù, ó ní kí n dá àkùkọ òun padà, a sì ti jẹ ẹ́. Jàríátù kò pariwo ní tirẹ̀. Bí òjò bá ti ṣú, á kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, á ní kíláàsì tí mo kọ́ nìyẹn. Lánàá, Fàúsátù bi mí bóyá òun náà ti wà kí àwọn Jámánì tó dé, tí wọn kò fi ka òun mọ́ ọmọ.

Mo padà lọ sí Tchamba. Akọ̀wé ní bí ilé tuntun kan péré bá yọ ní Kambolé kí iṣu tuntun tó jáde, àwọn lè tún gbé ọ̀rọ̀ wa yẹ̀ wò. Nítorí náà, fi àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi, àti owó tí wọ́n ń gbà lórí ilé tuntun. Sìmẹ́ǹtì kò kan ògiri mi rí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n màá fi yanrìn odò mọ yàrá kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ, ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ bàbá mi kan kò ní sí nínú rẹ̀, màá sì kọ ọdún yìí sínú àyè kékeré yẹn láìkọjá etí rẹ̀. Yàrá náà máa là, mo ti mọ̀ láti ìsinsìnyí. Kó máa là. Kó tó là, Fàúsátù á ti parí ìṣirò yẹn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o pẹ́ láyé bí amọ̀ ilé wa, kó má ṣe ọ́ bí sìmẹ́ǹtì. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kàsúmù mọlémọlé