Àálè Tí Mo So Mọ́ Igi Àgbọn Rẹ

Ilé Akíndé,
Ẹ̀yìn Igbó Ọba, lọ́nà Apa,
Àgbádárìgì.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Tẹjúmádé ọmọ mi, Àníkẹ́,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ariwo Sùúrùlérè. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ò ni ọ́? Àlàáfíà ni èmi náà wà níbí, àfi orúnkún òsì tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí wa sí láti ìgbà tí a ti rí ara wa kẹ́yìn, tó ti pé ọdún mẹ́ta ó lé oṣù méjì báyìí, kò ní fi wá sílẹ̀. Ohun búburú tó ń wá èèyàn kiri nígboro kò ní mọ ojúlé rẹ. Àmín.

Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Má tíì lọ kà á. Mo mọ̀ ọ́, láti kékeré lo ti máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹran kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀bà. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà ni pé mo ti pè ọ́ lórí fóònù títí, obìnrin kan ló sì máa ń gbé e. Òyìnbó ló ń sọ, ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí n kí i tán kó tó pa á. Mo ní kó sọ fún ọ pé bàbá rẹ ló pè, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún ń sọ. Sagbo apẹja, tí ilé òun àti tiwa jọ fara kan ara, ní òun náà mọ obìnrin yẹn, pé òun ló ń gbé fóònù ọmọ òun ní Kútọnu. Báwo ni obìnrin kan ṣoṣo ṣe ń gbé Sùúrùlérè, tó tún ń gbé Kútọnu? Ṣọ́ra fún un. Má fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ sílẹ̀ fún un.

Ewúrẹ́ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ ti bí méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan alámì. Èyí alámì yẹn jọ òbúkọ Sagbo púpọ̀, Sagbo sì ń bọ̀ wá wò ó lójoojúmọ́. Mo ń ṣọ́ ọ.

Ó kan ọ̀rọ̀ gan-an. Nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú igbó ọba tó wà lẹ́yìn àgbọn wa ní ẹ̀yìnkùlé. Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni àwọn kan dé pẹ̀lú àdá àti ọkọ́ àti okùn ìwọnlẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti fún àwọn láyè láti la ọ̀nà sínú igbó fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Olórí wọn ni ọmọkùnrin Èkìtì kan tó ń jẹ́ Bólúwají, Ibereko ló ń gbé. Ó mọ èèyàn kí, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìyẹn gan-an ló sì kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura. Ọmọ ayé ìsinsìnyí tó bá dọ̀bálẹ̀ tó báyẹn, nǹkan kan ló ń wá nílẹ̀.

Mo bi í pé irú kẹ̀kẹ́ wo, ó ní kẹ̀kẹ́ orí òkè. Tẹjúmádé, òkè wo? Ìwọ náà dàgbà níbí. Láti ilé wa títí dé etí òkun, ohun tó ga jù ni ebè ẹ̀gẹ́ Sagbo. Ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ orí òkè wá síbi tí kò sí òkè, òkè kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò fẹ́ sọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí wọn tí wọ́n ń fi ọkọ́ kó iyanrìn jọ ní òkìtì-òkìtì sójú ọ̀nà, tí wọ́n ń gbá a kó le. Mo bèèrè pé kí lèyí. Ó ní òkè kéékèèké ni àwọn ń ṣe, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ lè rí nǹkan gùn. Ṣé o gbọ́? Wọn ò rí òkè, wọ́n wá ń dá tiwọn. Ẹni tó lè dá òkè, kí ni kò ní lè gbà lọ́wọ́ ẹni?

Àwọn tó ń wá gun kẹ̀kẹ́ náà ló tiẹ̀ burú jù. Sátidé ni wọ́n máa ń wá láti Èkó. Wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, mọ́tò tó dára, tó ní afẹ́fẹ́ tútù nínú, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á dé akoto, wọ́n á wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan, ọkùnrin wọn àti obìnrin wọn, wọ́n á wọnú igbó lọ. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n á jáde níbi tí wọ́n ti wọlé gan-an. Wọn ò ru nǹkan kan, wọn ò kí ẹnikẹ́ni nílé, wọn ò tà, wọn ò rà. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo kà wọ́n wọlé, mo kà wọ́n jáde, iye wọn ò dín, kò lé. Ta ló ń rin ìrìn àjò tó jẹ́ pé ibi tó ti gbéra ló ń lọ? Àwọn awọnlẹ̀ nìkan ló ń yí ilẹ̀ po tí wọ́n fi ń padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún Sagbo pé ajagungbalẹ̀ nìwọ̀nyí, pé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ báyìí kí a má baà mọ̀. Sagbo ní bóyá eré ni wọ́n ń ṣe. Mo ní irú eré wo ni àgbàlagbà ń ṣe tó fi ń làágùn, tó ń ṣubú, tí orúnkún rẹ̀ ń bó, tó tún ń rẹ́rìn-ín?

Wọ́n ri pátákó kan mọ́ ẹnu ọ̀nà igbó. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gùn, pé kò le, kò jìn, ọmọdé lè gùn ún. Èmi kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ eyín mi lọ́jọ́sí, ohun tí wọ́n sọ náà nìyẹn. Tí ọ̀nà ò bá le, kí ni àpótí oògùn àti aṣọ tí wọ́n fi ń di egbò ń wá lẹ́nu rẹ̀? Nísàlẹ̀ pátákó náà, wọ́n ya àpótí kékeré kan tí nǹkan dúdú wà nínú rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí aṣọ tí ikán jẹ. Ẹni tó bá dé á dúró níwájú rẹ̀, á na fóònù sí i, á tẹrí ba, kó tó wọlé. Mi ò tíì rí ẹni tó wọlé láìkọ́kọ́ kí i. Èmi náà ti ń kí i báyìí tí mo bá ń kọjá lọ já ewé, nítorí mi ò mọ ohun tó lè ṣe.

Bólúwají tún gbé fọ́ọ̀mù wá, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé wọ́n ti sọ fún àwa tí ilẹ̀ wa bá igbó pààlà. Mo yẹ iwájú rẹ̀ wò, mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn funfun báláú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n máa padà kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sí. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mi ò lọ́yàyà, mo bá kọ orúkọ Mákánjú àbúrò mi tó ti kú, mo sì fọwọ́ sí i dáadáa. Tí wọ́n bá fẹ́ gba ilẹ̀, kí wọ́n lọ bá a lọ́run.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àfi ọjọ́ tí mo dé ẹ̀yìnkùlé tí mo rí ọ̀já pupa tẹ́ẹ́rẹ́ lára igi àgbọn rẹ. O mọ igi náà. Abẹ́ rẹ̀ ni mo sin olóbi rẹ sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, tí ìyá rẹ fi àgbọn lé e lórí, òun ló wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ wa, níbi tí igbó ọba ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo igi tí mo rí láyé mi tí wọ́n so ọ̀já pupa mọ́, gígé ni wọ́n gé e. Bólúwají ní kì í ṣe gígé, pé ọ̀já náà ń fi ọ̀nà han àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ ni, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á ti ṣẹ́rí padà. Mi ò gbà á gbọ́. Láti ọdún mẹ́ta, igi yẹn ni mò ń kí láàárọ̀ bí ẹni pé ìwọ ni. Mi ò lè káwọ́ gbera kí wọ́n wá gé e.

Mo bá so àálè. Mo mú ìgbálẹ̀ tó ti kán, ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, ata gbígbẹ, àti ẹsẹ̀ òsì bàtà tí o rà fún mi nígbà tí o kọ́kọ́ gba owó oṣù, mo fi okùn àwọ̀n Sagbo dì wọ́n pọ̀, mo gbé e kọ́ sára igi náà níbi tí kò sí ẹni tí kò ní rí i. O mọ̀ bí mo ṣe máa ń dì í, kókó mẹ́ta, ìgbálẹ̀ á sì dorí kodò. Ẹni tó bá rí àálè mọ̀ pé nǹkan náà lólóhun, á sì yà fún un. Mo padà sílé, mo sun oorun àsùnwọra.

Sátidé dé, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná láti wo bí wọ́n á ṣe sá. Tẹjúmádé, wọn ò sá. Ẹni àkọ́kọ́ dúró, ó ya fọ́tò. Ẹnì kejì ní kí wọ́n ya òun mọ́ ọn. Ẹnì kẹta, ọkùnrin oníkùn kan tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kó tó débẹ̀, bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan, ó fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ bàtà mi, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Mo lọ bá Bólúwají, ó ní wọ́n rò pé àṣà wa níbí ni, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan kọ́ igi. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìbọ̀wọ́ mẹ́rin, ike omi méjì, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan àti kọ́kọ́rọ́ tí mi ò mọ ohun tó ń ṣí ló wà lára igi rẹ. Olè ni mo so àálè fún, olè wá ń kó ẹ̀bùn wá fún mi.

Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí ni ti Sátidé tó kọjá. Wọ́n tún dé, mo ka mọ́kànlá. Àwọn mẹ́wàá gba abẹ́ àálè mi kọjá tariwo-tariwo. Ẹni tó ṣìkẹ́yìn wọn, obìnrin ni, ó dé akoto, ó wọ awò ojú dúdú, ó ń gun kẹ̀kẹ́ náà gbágungbàgun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Bó ṣe rí àálè, ó tẹ bíréèkì, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò ya fọ́tò. Kò fi nǹkan kan kọ́ ọ. Ó wo ìgbálẹ̀, ó wo kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo bàtà, ó pẹ́ lórí bàtà yẹn. Ó na ọwọ́ bíi pé ó fẹ́ fọwọ́ kan igi, ó tún fà á padà. Ó wá kúnlẹ̀ lórí iyanrìn tòun ti akoto lórí, ó kọjú sí ilé wa. Nígbà tó dìde, kò gba abẹ́ àálè kọjá. Ó fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí ibi tó gbà wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ń yà síta díẹ̀ bó ṣe ń rìn.

Ìbéèrè mi nìyí: níbo lo wà ní Sátidé tó kọjá, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀? Má parọ́ fún mi. Èmi ni mo pọ̀n ọ́ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí o já bọ́ látinú ọkọ̀ Sagbo tí ẹsẹ̀ òsì yẹn fi ṣẹ́. Mo mọ bó ṣe ń yà.

Ogójì ìṣísẹ̀ ló wà láàárín èmi àti ìwọ. Mo fẹ́ pè ọ́, ẹnu mi ò là. Mo mọ ohun tó dá ọ dúró. Lọ́jọ́ ìrántí ìyá rẹ, mo sọ lójú gbogbo ẹbí pé o ò gbọdọ̀ tún dá nìkan wọ ilé yìí mọ́, àfi tí o bá mú ọkọ dání. Inú ló bí mi lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀ lojú ti ń tì mí, mo wá ń retí kí o ṣèèṣì wá, kí n lè ṣe bí ẹni tó ti gbàgbé.

Mi ò dúró di ọ̀sán kí n tó lọ tú àálè náà. Olè ni mo so ó fún, ọmọ mi ló dá padà. Kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo tú. Mo kó àwọn ìbọ̀wọ́ àti ike fún Bólúwají, ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, mi ò sì tíì mọ ohun tó ń wá nílẹ̀. Mo tọrọ ọ̀já pupa díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti so ó mọ́ àwọn igi láti orí tìrẹ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn wa, igi mẹ́fà, mo sì ti ṣán gbogbo koríko ibẹ̀. Kò sí òkè kankan níbẹ̀. Ọ̀nà náà ò le, kò jìn, ọmọdé lè gùn ún.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé òjò ti ba bàtà òsì yẹn jẹ́, ọ̀tún nìkan ló kù. Bá mi ra òmíràn, kí o sì bá mi wá owó díẹ̀ sí i fún oògùn orúnkún. Má gbé e gba báńkì, nítorí ẹ̀rọ báńkì kan ti gbé káàdì mi mì lọ́dún tó kọjá, kò sì tíì bì í títí di òní. Má fi rán awakọ̀, má sì fi rán obìnrin orí fóònù yẹn. Bàtà ni, a gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ wò, kí ẹni tó rà á sì wà níbẹ̀ láti rí i bóyá ó há.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ òsì á máa gbọ́ tìrẹ. Ohun tó máa dá ọ padà lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ, o ò ní rí i mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ ìrántí ìyá rẹ, mo tú òun náà. Máa bọ̀, kódà kó jẹ́ ìwọ nìkan.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akíndé.