Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Tíṣà Ọlánípẹ̀kun Fáṣínà (1948–2023), Ẹni Tó Wá Orúkọ Ìyá Alásè Ilé-Ìwé Hazelmoor

Ìkirè ni wọ́n ti bí Olóògbé Ọlánípẹ̀kun Fáṣínà, ní Ilé Gbẹ́nàgbẹ́nà, lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1948. Pa Jóṣúà Fáṣínà ni bàbá wọn, ẹni tó kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, tó sì tún kan ti mọ́ṣáláṣí. Màmá Ojúọlá, ọmọ Àpòmù, ló bí wọn lọ́mọ. Nígbà tó yá, bàbá fẹ́ ìyàwó kejì, Mùsùlùmí nìyẹn, òun ló bí Kàmíìlù lọ́dún 1955. Bí ilé yẹn ṣe rí nìyẹn o: ẹnì kan ń kírun, ẹnì kan ń kọrin ìsìn, abọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń tọwọ́ bọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bi ẹbí léèrè ohun tí Kàmíìlù pẹ̀lú fìlà mọ́ṣáláṣí ń wá níwájú pósí lónìí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń sin.

Ọdún 1954 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ìwé wọ inú orí yẹn bí omi ṣe ń wọ inú iyanrìn. Wọ́n ṣe Módà, wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, wọ́n jáde, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Kàmíìlù ní tiẹ̀, ìwé mẹ́fà ló kà tó ní ó ti tó òun, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò sì dárí ẹ̀ jì í láyé. Àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé òun ń bọ̀, wọ́n á tún un kọ, wọ́n á dá a padà fún un. Wọ́n ò ní dáhùn o, àtúnṣe nìkan ni wọ́n máa fi ránṣẹ́.

Wọ́n gbé Adédùntán Kẹ́hìnsí, ọmọ Gbọ̀ngán, níyàwó lọ́dún 1976. Ọlọ́run fi Bùsáyọ̀ àti Olúwadùnsìn ta wọ́n lọ́rẹ.

Lọ́dún 1989, ìjọba ń wá tíṣà tí wọ́n máa kó ránṣẹ́ sí àwọn erékùṣù Caribbean. Wọ́n ní ọdún méjì ni. Tíṣà sọ fún ìyàwó wọn pé ọdún méjì ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n lò! Ìyàwó ń tọ́ ọmọ ní Ìkirè, ọkọ wà lórí òkè kan ní Jàmáíkà, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń wálé. Tí wọ́n bá sì wálé, kí ni wọ́n ń sọ? Hazelmoor ni.

Kò sẹ́ni tó wà níbí tí kò mọ ìtàn Hazelmoor High School. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò bá Tíṣà pàdé rí nìyẹn. Ọdún 1883 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nínú abà tí wọ́n ti ń sá kọfí. Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, méjì nínú wọn ò ní bàtà. Ìjì gbé òrùlé ẹ̀ lọ lọ́dún 1903, wọ́n kàn án padà. Ọmọ obìnrin wọ ibẹ̀ lọ́dún 1924, àwọn òbí kan sì kó ọmọkùnrin wọn kúrò nítorí ẹ̀. Ìjì tún gbé òrùlé lọ lọ́dún 1951. Ó tún gbé e lọ lọ́dún 1988. Ìgbà tí Tíṣà sì dé ibẹ̀ lọ́dún kejì, àwọn ọmọ ṣì ń jókòó sábẹ́ tapólì, ni ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà Ìkirè bá bọ́ kóòtù, ó gun àjà. Láti ọjọ́ náà ni ilé-ìwé yẹn ti di tiwọn. Lọ́dún 1993, ilé-ìwé ní kí Tíṣà máa kó ìtàn ẹ̀ jọ, torí àwọn nìkan ló ní sùúrù láti ka ìwé àtijọ́ tí ikán ti jẹ etí ẹ̀.

Ọdún 2006 ni Bùsáyọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹrù ní Verona, kó bàbá àti ìyá ẹ̀ wá sí ilẹ̀ Italy. Brescia ni wọ́n fi wọ́n sí, nítòsí Kàmíìlù tó ti ń yọ́ idẹ ní fabbrica, ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀, láti 1991. Aṣọ Tíṣà kún báàgì kan. Àpótí ìwé Hazelmoor jẹ́ mẹ́rin. Inú ilé ìdáná ni wọ́n kó o sí torí kò sáyè níbòmíì, ọdún mẹ́tàdínlógún ni Màmá Adédùntán sì fi ń fẹ̀gbẹ́ kọjá lára àpótí kó tó dé ìdí sítóòfù.

Ẹbí ò ní purọ́ níwájú òkú: ìtàn yẹn sú èèyàn. Ọjọ́ tí wọ́n lọ gba permesso, ìwé ìgbélùú, ní questura àwọn ọlọ́pàá, akọ̀wé bi wọ́n pé iṣẹ́ kí ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 1883. Àwọn tó tò sẹ́yìn ń kùn, Kàmíìlù ń fà wọ́n láṣọ, wọn ò tíì dé orí ìjì kejì. Àmọ́ o, ẹni tó bá gbé lẹ́tà comune, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, wá, wọ́n á kà á fún un. Gbogbo ọ̀sán Sátidé, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ onímọ́ṣáláṣí. Muaz, ọmọ Kàmíìlù, ibẹ̀ ló ti mọ ìdá. Wọn kì í pa ìsìn jẹ. Tí ààwẹ̀ bá sì dé, àwọn ni wọ́n máa ń pe Kàmíìlù kí ilẹ̀ tó mọ́ pé kó dìde jẹun.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó gba gbogbo ẹbí lọ́kàn lọ́dún tó gbẹ̀yìn ayé wọn rèé. Hazelmoor fẹ́ ṣe ogóje ọdún ní oṣù kẹwàá 2023, ìwé ìtàn tí Tíṣà ń kọ láti ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ilé-ìwé, Mrs. Pinnock, tó dé ibẹ̀ lọ́dún 2011, ń pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé ti fẹ́ẹ̀ parí. Lóṣù kìn-ín-ní, Tíṣà kọ̀wé dé orí ilé ìdáná ilé-ìwé, wọ́n sì dúró. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, bírò ò kan ìwé.

"Bàbá Bùsáyọ̀, kí ló dé?" Màmá Adédùntán ló bi wọ́n.

"Mi ò mọ orúkọ ìyá tó ń se oúnjẹ."

"Èwo nínú wọn?"

"Ọ̀kan náà ni. Àwọn ni wọ́n ń se oúnjẹ fún wa títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì."

"Ẹ jẹun lọ́wọ́ wọn fọ́dún mélòó?"

"Mẹ́wàá."

"Ọdún mẹ́wàá! Ẹ jẹun obìnrin fọ́dún mẹ́wàá, ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀?"

"Wọ́n tó bí mi lọ́mọ! Ṣé kí n wá dúró níwájú àgbàlagbà kí n ní kí lorúkọ wọn? Ta ló kọ́ mi nírú ẹ̀? Mọ́mì ni mò ń pè wọ́n. 'Mama' ni gbogbo ilé-ìwé ń pè wọ́n."

Màmá Adédùntán pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n padà sídìí ọbẹ̀.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ẹni tí ìyá náà jẹ́. Nígbà tí Tíṣà dé Hazelmoor, oṣù méjì àkọ́kọ́, oúnjẹ ibẹ̀ ò wọlé fún wọn, wọ́n ń rù.  Lọ́jọ́ kan ṣá, ìyá yìí sun iṣu, ó fi epo sí i, ó gbé e ka iwájú wọn, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà, iṣu ò wọ́n Tíṣà. Lọ́dún 1999 wọ́n wálé fún ìsinmi. Kí wọ́n tó padà, ìyá ti fẹ̀yìn tì, ó ti lọ bá àwọn èèyàn ẹ̀ lábúlé kan, wọn ò sì rí ara wọn mọ́.

Ni wíwá bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní Kingston, ní Toronto, ní London. Gbogbo wọn ló rántí ọbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní "Mama" lorúkọ ẹ̀. Ìwé owó oṣù wà nínú àpótí: "Cook" ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tíṣà ń pariwo lórí fóònù nínú treno, ọkọ̀ ojú irin Verona, gbogbo èèyàn ń wò wọ́n. Ọjọ́ ìbí Olúwaṣìkẹ́mi, ọmọ Bùsáyọ̀, wọ́n fẹ́ gé kéèkì, Nonno, bàbá àgbà, wà lórí fóònù. Ọmọ náà fẹsẹ̀ janlẹ̀: "Nonno, basta con questa scuola!" Ó ní ilé-ìwé yìí ti tó gẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ló sì bá wọn sọ yẹn.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ọ̀rọ̀ náà sú Mrs. Pinnock pẹ̀lú. Ó ní kí wọ́n kúkú kọ "Mama" síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú. Tíṣà fi gèésì dá a lóhùn, Kàmíìlù ń gbọ́: "Ọ̀gá mẹ́rìnlá ló ti jẹ ní Hazelmoor, orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé yìí. Orúkọ ajá ọ̀gá kẹta wà níbẹ̀. Rover ni. Ajá lórúkọ, kí ẹni tó bọ́ wa wá máa jẹ́ 'Mama'?"

Ọ̀gá ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹfà ni àwọn atẹ̀wé máa gba iṣẹ́, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ayẹyẹ máa wáyé láìsí ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà ni àyà mú wọn, a gbé wọn lọ sí ospedale, ilé ìwòsàn ibẹ̀. Kàmíìlù lọ jókòó tì wọ́n, inú ń bí i.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ìwé yìí ránṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún! Ṣé ẹ fẹ́ kó o lọ sọ́run ni?"

"Tí mo bá fi ránṣẹ́ báyìí, Kàmíìlù, èmi gan-an ni mo pa orúkọ wọn rẹ́. Èmi tí mo lè béèrè, tí mi ò béèrè."

 Kàmíìlù yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan ń pín oúnjẹ, ó de irun, ó wọ ìbọ̀wọ́. Kàmíìlù ti ṣiṣẹ́ nínú mensa, ilé ìdáná fabbrica, fọ́dún kan nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ jóná, ó rántí pé wọn ò jẹ́ kóun fọwọ́ kan ìkòkò títí dókítà fi yẹ òun wò, tí wọ́n sì kọ orúkọ òun sínú ìwé.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé wọn kì í yẹ àwọn alásè wò ní Jàmáíkà ni?"

"Yẹ̀ wọ́n wò báwo?"

"Bóyá wọ́n níkọ́ ẹ̀gbẹ. Bóyá wọ́n ní kòkòrò nínú. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún irinwó ọmọ! Ìwé dókítà ò ní kọ 'Mama' o. Kí wọ́n wò ó ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe ní ilé-ìwé."

 Ẹni tó ka gbogbo ìwé inú àpótí mẹ́rin ni Tíṣà o, wọn ò sì ronú kan ìyẹn. "Kàmíìlù," wọ́n ní, "gbé fóònù mi wá." Wọn ò kí i kú orí pípé. Lọ́wọ́lọ́wọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó ṣì ń dun Kàmíìlù.

Ó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mrs. Pinnock fúnra ẹ̀ ló lọ sí ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ òkè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín páálí. Ó pè lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Màmá Adédùntán àti Bùsáyọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní káàdì méjìlélógójì lóun rí, láti 1958 dé 1999, ọdọọdún ni ìyá yẹn ń lọ fi ara ẹ̀ han dókítà, kò pa ọ̀kan jẹ. Ó ka orúkọ: Keturah Facey.

"Kétúrà," ni Tíṣà wí. Wọ́n dì mú irin ibùsùn. "Inú Bíbélì ló wà! Mo kà á láti kékeré. Màmá Kétúrà. Màmá Kétúrà."

Màmá Adédùntán ní, "Ẹ kúkú pe orúkọ náà lásán, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti rí i."

"Ẹnu mi ò gbà á, Ìyá Bùsáyọ̀."

Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́, ojú ewé kìn-ín-ní, ṣáájú orúkọ ẹni tó dá ilé-ìwé sílẹ̀. Bùsáyọ̀ ya fọ́tò ẹ̀, ó fi gbogbo ìwé ránṣẹ́ nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí. Wọ́n padà sílé. Wọn ò pe Jàmáíkà mọ́. Ilé dákẹ́ débi pé ẹ̀rù ń bà wá. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Tíṣà dágbére fáyé. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Wọ́n fi àwọn wọ̀nyí sáyé lọ: aya wọn, Màmá Adédùntán, àbúrò wọn, Kàmíìlù, àti gbogbo ilé ẹ̀, àwọn ọmọ wọn, Bùsáyọ̀ ní Verona, Olúwadùnsìn ní Torino, àwọn ọmọ-ọmọ, Olúwaṣìkẹ́mi, Ìbíwùmí àti Davide, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ìṣirò, ní Ìkirè, ní Hazelmoor, ní Brescia, tí a ò lè kà tán.

Ó ku ẹyọ kan. Ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí ni wọ́n ṣe ayẹyẹ náà. A ṣì ń dúró de ìwé àṣẹ ìsìnkú lọ́wọ́ comune, òkú ṣì wà ní ospedale. Mrs. Pinnock ka ojú ewé kìn-ín-ní sétí gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ kejì, fóònù Tíṣà dún. Obìnrin kan ni, nọ́ọ̀sì ní Kingston, inú ìwé ló ti rí nọ́ńbà, ó ń sunkún. Ó ní ìyá ìyá òun ni Keturah Facey, pé ó kú lọ́dún 2008, pé gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ò rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n. Ó ní òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Bùsáyọ̀ ń túmọ̀ ẹ̀, kò lè sọ fún un pé ẹni náà ò sí mọ́.

Màmá Adédùntán gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn tí wọ́n ti ń ṣépè fún àpótí yẹn láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n fa gèésì tó wà lẹ́nu wọn jáde. Wọn ò kí i. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ ikú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ọmọ mi, kí lorúkọ tìẹ?"

Tíṣà, ilé ti tò, ọ̀nà ti là. Ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló. Tí Màmá Kétúrà bá gbé abọ́ ka iwájú yín lọ́hùn-ún, ẹ jẹ ẹ́ tán, kẹ́ ẹ sì dúpẹ́ pẹ̀lú orúkọ. Ẹ sùn ire o.