Orúkọ Ọmọ Mi Lábẹ́ Máàkì Náà

Ìyá mi, ẹni tó tọ́ mi tí kò dúró jẹ èrè,

Ọ̀ffà jìnnà sí Enugu, ibi tí ẹ wà sì tún jìnnà ju Ọ̀ffà lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Rìsìkátù ló ń kọ ọ́, ọmọ mi tí mo rán wá sọ́dọ̀ yín nígbà tó wà ní kékeré. Bí mo ti ń sọ ọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ Yorùbá tó ń lò yìí, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dàgbà síbí, ìkíni lásán ni wọ́n mọ̀, Píjìn ni ìyókù. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bí mo bá sọ ọ́ ní líle, kó kọ ọ́ ní líle.

Ìyàwó mi ti wá bá yín. Ẹ ó ti fojú kan ara yín. N kò sunkún lọ́jọ́ tí a sin ín, àwọn ará mọ́ṣáláṣí sì ń wò mí bí ẹni pé igi ni mí. Ẹkún ti tán lára mi, Ìyá mi. Ọmọ kan ṣoṣo yìí ló kù, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kàn.

Mo ṣì wà ní Ogui New Layout, lẹ́bàá títì, nídìí iṣẹ́ táyà. Lẹ́yìn ìsọ̀ mi ni yàrá tí èmi àti ọmọ mi ń gbé wà. Erùpẹ̀ pupa ibí ti wọ inú èékánná mi, kò sì ní jáde mọ́. Rìsìkátù ti di tíṣà ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Trans-Ekulu, níbi tí kálukú ti ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé ọmọ lọ síléèwé. Ẹ bá mi yọ̀ díẹ̀ ná kí n tó sọ ohun tó kù.

Àwọn tíṣà tibẹ̀ kì í kọ máàkì sínú bébà mọ́. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìwé máàkì wọn wà. Tíṣà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ àṣírí tó fi ń ṣí tirẹ̀. Bó bá ti máàkì iṣẹ́ ọmọ tán, á tẹ máàkì náà síwájú orúkọ ọmọ, ìwé ọ̀hún á sì fúnra rẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọmọ tó bá yege, máàkì rẹ̀ á ní àwọ̀ ewé. Ọmọ tó bá fìdí rẹmi, tirẹ̀ á pọ́n. Àwọ̀ yẹn lèmi fi ń kà á. Lọ́gán tí tíṣà bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, fóònù òbí á dún nílé, á sì rí i. Lábẹ́ máàkì kọ̀ọ̀kan ni orúkọ ẹni tó fi í síbẹ̀ máa ń wà. Bí táàmù bá parí, wọ́n á ti ìwé náà pa. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ nígbà náà, kò sí ẹni tó tún lè yí i padà.

Ní Sátidé, Rìsìkátù máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi láti tẹ máàkì, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa níwájú ìsọ̀ ju inú yàrá lọ. Èmi á máa lẹ táyà, òun á máa tẹ̀. Bó bá kan ọmọ tó máa pọ́n, á mí kanlẹ̀. Ìṣe yín kan sì wà lára rẹ̀. Ẹ rántí pé kí ẹ tó dáhùn ọ̀rọ̀ tó wúwo, ẹ máa ń tú ìró yín, ẹ ó tún un ró, ẹ ó wá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ lòun náà máa ń tú ìborí rẹ̀, á tún un wé, kó tó tẹ ohun tó bá le. Bó bá ti ṣe é báyìí, èmi á wo ibòmíràn.

Ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Olóyè làwọn èèyàn ń pè é. Jíìpù dúdú ló gbé wá, gíláàsì rẹ̀ náà dúdú. Ó ní kí n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Mo ki gééjì bọ àkọ́kọ́, ó kún. Mo yí ọkọ̀ náà ká, gbogbo wọn ló kún. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. Ẹni tí táyà rẹ̀ kò jò, kí ló wá ṣe lọ́dọ̀ onítáyà?

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, níbi tí ọmọ mi máa ń jókòó sí gan-an. Píjìn la fi sọ̀rọ̀.

“Papa, mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ bí tíṣà ìṣirò ọmọ mi.”

“Èmi ni mo bí i.”

“Ó mọṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn le díẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọ náà.”

Ó gbé obì fún mi. Dírẹ́bà rẹ̀ sọ àpò ìrẹsì kan kalẹ̀.

Ìyá mi, ní ilẹ̀ wa, ta ló gbé obì fún àgbàlagbà tí kò ní wúre fún un? Ẹnu mi ti là kí n tó ronú. Mo ní Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ yege. Mo ní ọwọ́ ọmọ mi ni yóò ti gba ayọ̀. Irú àdúrà tí mo máa ń ṣe fún ẹni tó wá ra túúbù kẹ̀kẹ́ náà ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń ṣe àmín kíkan-kíkan. Mo la obì náà, mo fún un níbẹ̀, mo jẹ tèmi. Ṣùgbọ́n lójú irú ọkùnrin yẹn, ẹni tó bá jẹ obì òun ti gbọ́ tòun, ó sì ti gbà. Kó tó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

“Papa, ó parí nìyẹn.”

Mo rò pé ó ń dágbére ni.

Ẹ̀yin kì í gbé ẹ̀bùn àlejò wọlé lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹnu ọ̀nà lẹ máa ń fi í sí mọ́jú. Ẹ máa ń ní kí ẹ̀bùn kọ́kọ́ sùn níta ná, pé bó bá ní ohun mìíràn nínú, ẹni tó mú un wá á padà wá sọ ọ́. Mo rántí rẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sídìí àpò yẹn, síbẹ̀ mo gbé e wọlé, kí n má baà tún bẹ̀rẹ̀ gbé e lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yìn ń ro mí. Gbogbo ìdí tí mo ní nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mìíràn wọlé, Rìsìkátù ṣí ìwé máàkì rẹ̀. Máàkì ọmọ Olóyè tó pọ́n tẹ́lẹ̀ ti ní àwọ̀ ewé. Orúkọ Rìsìkátù ló wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kàn án. Ó dá a padà sí bó ṣe wà. Kí wọ́n tó jáde níléèwé, ó tún ti di àwọ̀ ewé. Ó yí ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ padà, ó tún dá máàkì náà padà. Kò pẹ́, àwọ̀ ewé. Ọwọ́ pirinsípà ni ohun tó ń ṣí ìwé gbogbo tíṣà wà, nítorí náà ọmọ mi lọ bá a ní ọ́fíìsì.

“Ṣé bàbá yín kò sọ fún yín ni?” Bí pirinsípà ṣe dá a lóhùn nìyẹn. “Wọ́n ti jẹ obì Olóyè. Wọ́n ti gbàdúrà sí i.”

“Ọ̀gá, bàbá mi kò mọ̀wé. Kí ló kàn wọ́n nínú máàkì?”

“Tíṣà, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Ẹni tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé, ó lágídí bíi tiyín.”

Rìsìkátù mọ ẹni tó ń wí. Tíṣà ìṣirò tó ṣáájú rẹ̀ kàn ṣàdédé dẹ́kun wíwá ni. Kò wá gba owó oṣù rẹ̀. Kò wá mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ẹ̀wù náà ṣì wà lẹ́yìn àga rẹ̀ ní yàrá àwọn tíṣà, kò sí ẹni tó ń jókòó síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ́ mú un kúrò.

Ó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Kò bú mi. Ohun tó sọ kò ju pé: “Bàbá, Ìyá Àgbà kì bá tí gbé e wọlé.” Ìbá sàn kó bú mi.

Mo gbé ìrẹsì náà sínú kẹ̀kẹ́ márúwá, mo gbé e lọ sílé ọkùnrin yẹn ní Trans-Ekulu. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì gbà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo padà dé, àpò náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, lẹ́yìn ìsọ̀, níbi tí n kò fi han ọkùnrin náà rí. N kò fọwọ́ kàn án mọ́. Mo ní kó sùn níta, bí ẹ ti máa ń ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti di méjì.

Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ dúdú ti ń wá dúró ní òdìkejì títì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀ kalẹ̀. Mama Nkechi tó ń ta ọ̀kpa, irú mọ́ínmọ́ín àwọn ará ibí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fi hàn mí.

“Papa, ṣé ọkọ̀ yẹn fẹ́ gbé ọ níyàwó ni? Ojoojúmọ́ ló ń wá wò ọ́.”

“Bó bá jẹ́ ìwọ ló ń wò ńkọ́?”

“Èmi kẹ̀! Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kpa mi á sọ gíláàsì kalẹ̀, kí òórùn rẹ̀ lè wọlé.”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé abọ́ ọ̀kpa rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ títì lọ́hùn-ún. Kò kí mi pé ó dàárọ̀.

Ìyá mi, ta ló ń jókòó sínú ọkọ̀ tí ojú kò lè wọ̀ bẹ́ẹ̀? Kí ló ń rí lára mi tó fi ń pẹ́? Ṣé ìyàwó mi ń rí i láti ọ̀dọ̀ yín, tí kò kàn fẹ́ dẹ́rù bà mí?

Òní ni wọ́n ti ìwé máàkì náà pa. Rìsìkátù dé láti iléèwé kó tó di Àsárì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

“Bàbá, bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀.”

“Orúkọ ta ló wà lábẹ́ rẹ̀?”

“Orúkọ mi.”

“Ṣé ìwọ lo fi í síbẹ̀?”

“Rárá.”

“Kí lo wá ń bi mí sí?”

“Nítorí yín ni mo ṣe ń béèrè. Ibì kan náà là ń sùn.”

Mo gbé táyà ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo wá sọ fún un pé mo ti sin ìyá mi, mo ti sin ìyàwó mi, kò sí ohun tí wọ́n tún lè gbà lọ́wọ́ mi àfi òun. Mo ní bí wọ́n bá sì gba orúkọ rẹ̀, òun náà ni wọ́n gbà yẹn.

Kò tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní bí òun bá yára, pirinsípà á tún wọ ibẹ̀. A jókòó, a ń wo aago ojú fóònù. Nígbà tó kù fẹ́ẹ́fẹ́ kí wọ́n tì í, ó tú ìborí rẹ̀, ó tún un wé. Ó tẹ ohun tí ọmọ náà gbà gan-an. Ó na fóònù sí mi, mo rí i pé ó pọ́n. Kò pẹ́ sí i, àwòrán àgádágodo yọ lórí rẹ̀. Èmi tí n kò mọ̀wé mọ ohun tí ìyẹn ń wí.

“Fóònù Olóyè á ti dún nílé báyìí,” ni ọmọ mi wí.

Ìgbà náà ni mo ní kó fi fóònù kan náà bá mi kọ̀wé sí yín. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo fẹ́ kó wọ ọkọ̀ wá sí Ọ̀ffà, sí ilé yín. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ̀nà. Ó ń mi orí níbi tó ti ń kọ èyí, ó ní òun kò ní fi mí sílẹ̀ lọ. Ẹ bá mi bá a wí. Ó máa ń gbọ́ tiyín.

Ẹ rántí ọjọ́ tí àwọn ẹbí bàbá mi ń bọ̀ wá lé wa jáde nílé. Ẹ kò ti ilẹ̀kùn. Ẹ gbá iwájú ilé mọ́ tónítóní, ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ẹ fi wá sẹ́yìn. Ẹ̀yìn yín nìkan ni mo rí títí wọ́n fi lọ. Báwo ni ojú yín ṣe rí lọ́jọ́ náà, Ìyá mi? Mo dàgbà tán, n kò bi yín rí.

Mo ti gbá iwájú ìsọ̀. Mo ti gbé àpótí mi sí ẹnu ọ̀nà, mo jókòó lé e. Rìsìkátù wà lẹ́yìn mi, ẹ̀yìn mi ló ń rí.

Ọkọ̀ dúdú náà ti dé. Kò dúró sí òdìkejì lónìí. Ó sọdá títì, ó wá síwájú mi níbí. Mo wo táyà rẹ̀, mo wo gbogbo wọn. Wọ́n kún. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ti ń ṣí. Rìsìkátù dáwọ́ dúró, mo ní kó kọ ọ́ parí.

Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ti lè fẹnu sọ nígbà tí ẹ wà láyé lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín tó jókòó sẹ́yìn yín lọ́jọ́ náà, tó wá kàn láti jókòó síwájú.