Orúnkún Méjèèjì Lọ́jọ́ Kan

Baálé mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú, irọ́ ni mo pa fún yín lórí fóònù. Kì í ṣe orúnkún kan ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ tún ṣe fún mi, méjèèjì ni. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ sí i, torí mo mọ̀ pé bí mo bá tọ́ ìrora ọ̀kan wò, mi ò ní padà wá fún èkejì.

Ara mi le, mo sì ń jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ó yá, ẹ dìde." Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Àwọn méjì gbé mi nàró. Nígbà tí mo wolẹ̀, mi ò mọ ẹsẹ̀ ara mi mọ́. Ẹsẹ̀ tó ti tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti nà gbọọrọ. Ẹnu yà mí débi pé mo gbàgbé láti ké.

Ọmọ yín obìnrin dúró tì mí. Ó ní, "Màmá, ẹ ti ga jù mí lọ."

Wọ́n ní kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbésẹ̀ méjì ni mo rìn. Ìyẹn náà kò kéré.

Ẹ bá mi kí ìyá mi. Ẹ ní mo ti ń rìn káàkiri.

Ìyàwó yín