Kọ̀ǹpútà Tí Mo Tò Nítorí Fídíò Màámi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Mo to kọ̀ǹpútà náà tán lónìí. Tòkunbọ̀ láti Dùgbẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ráàmù tó ń mú un yára nìkan ni mo ra tuntun. Agbára mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìrántí ọdún kan tí Màámi kú sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ńṣe ni fídíò wọn tí a fẹ́ fi hàn níbi ìrántí náà máa ń há lórí lápútọ́ọ̀pù mi àtijọ́. Ẹnu wọn á ti pa dé kí ohùn tó jáde. Lónìí, ó ń lọ geere, ojú wọn mọ́ kedere. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àkànní."

Mo ní, "Mà?"

Sístà Fúnmi, ẹ̀gbọ́n mi, dìde lẹ́yìn mi. Wọ́n ní, "Bí òkú bá peni, a kì í jẹ́. Gé ibẹ̀ kúrò."

Mo dá fídíò náà padà sẹ́yìn kí n lè gé e. Màámi tún pè mí.

Mo tún jẹ́.