Ẹ̀bẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì Festus Ani, Nítorí Ọ̀rọ̀ Irin Tí N Kò Túmọ̀

Ojúlé 14, Àdúgbò Uwani,
Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 812,
Enugu, Ìpínlẹ̀ Anambra.
13 Oṣù Kẹfà, 1988.

Dókítà Olúdáìsí,
Alága Ìgbìmọ̀ Ìbáwí,
Ilé Ìwòsàn Kílémẹ́ńtì Mímọ́,
Enugu.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

MO FA Ẹ̀SÙN TÍ MO FI KAN NỌ́Ọ̀SÌ FESTUS ANI PADÀ, MO SÌ Ń BẸ̀BẸ̀ KÍ Ẹ MÁ LÉ E LẸ́NU IṢẸ́

Olùkọ́ ni mí. Títí di àná, èmi ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá Ọmọ Yorùbá ní Uwani. Èmi ni mo kọ ìwé ẹ̀sùn ọjọ́ 18 Oṣù Kẹrin tó wà níwájú yín, èyí tí obìnrin mọ́kàndínlógún tẹ̀ka sí. Ìwé náà sọ pé Nọ́ọ̀sì Festus kò kìlọ̀ fún Sàbúrátù, ìyàwó Alárápé aránṣọ ní New Market, pé kò gbọdọ̀ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin. Irọ́ ni. Ó kìlọ̀. Etí mi ni ìkìlọ̀ náà wọ̀, ẹnu mi ni kò ti jáde.

Mo gbọ́ pé Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù yìí, ni ìgbìmọ̀ yín yóò jókòó, àti pé iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ṣe fún ọdún mẹ́rìndínlógún lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tí n kò fi lè dúró pẹ́ ju báyìí lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an nìyí. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń yọ Sàbúrátù lẹ́nu láti kékeré. Kí Alárápé tó mú un wá láti Ṣakí lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nígbà mẹ́sàn-án. Kò gbọ́ Ígbò, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà èmi ni mò ń bá a lọ sí kílíníìkì yín láti ṣe ògbufọ̀. Kì í ṣe òun nìkan. Obìnrin wa tó bá ní ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ dókítà, ẹnu mi ló ń wò. Kí n má tan yín, ó máa ń dùn mọ́ mi. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí á pe Tíṣà, òun ló mọ̀ ọ́n," orí mi á sì wú.

Ní 12 Oṣù Kìíní, Nọ́ọ̀sì Festus fi èsì àyẹ̀wò lé wa lọ́wọ́. Ìlà kìíní sọ pé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ Sàbúrátù jẹ́ mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó kéré. Ìlà kejì sọ pé irin tó wà ní ìpamọ́ nínú ara rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́ta ju ibi tó yẹ kó mọ lọ. Nọ́ọ̀sì náà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀jẹ̀ kéré kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú irin kéré. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí obìnrin yìí lára ló gbé irin wá, ara kò sì ní ọ̀nà tó lè fi lé àpọ̀jù rẹ̀ jáde. Ó ní ó dà bí ẹni tí ìyẹ̀fun kún ilé rẹ̀, tó jẹ́ pé ààrò rẹ̀ ló wó; ìyẹ̀fun mìíràn kọ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá. Ó ní kó máa lo hóró fólíìkì, oògùn kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí kò ní irin, tí wọ́n fún un, kó má sì ra oògùn onírin kankan àfi tí àyẹ̀wò mìíràn bá fi hàn pé irin rẹ̀ dín. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí.

Ohun tí mo sọ fún Sàbúrátù ni pé: "Ẹ̀jẹ̀ rẹ kéré. Wọ́n ní kó o máa lo oògùn dáadáa." Ó parí. Mo rò pé àṣejù ni ọkùnrin náà ń ṣe, nítorí ta ni kò mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ni ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré? Nígbà tí mo wà nínú oyún, irin ni wọ́n fún mi, ó sì bá mi lára mu. Mo gbàgbé pé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi wò kí wọ́n tó fún mi. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wọn bàtà ẹlòmíràn. Láti kílíníìkì ni mo ti mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ní New Market, mo ra kápúsù onírin fún un, mo ní kó máa lo ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ó ní inú ń run òun, ìgbọ̀nsẹ̀ òun sì dúdú bí èédú. Mo ní àmì pé ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo sọ ọ́ di méjì-méjì.

Ní Oṣù Kẹta, èébì dá a dùbúlẹ̀. Kò lè mu omi, àìtó omi náà sì gbé ìrora egungun rẹ̀ dìde. Ọjọ́ méjìdínlógún ló lò ní wọ́ọ̀dù yín. Mo jókòó tì í, mo sì ń gbọ́ igbe rẹ̀. Nígbà tí dókítà bi wá pé ta ló ní kó lo irin, Alárápé yíjú sí mi: "Tíṣà, kí ni nọ́ọ̀sì yẹn wí lọ́jọ́sí?" Mo ní kò wí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀sùn kì í já bọ́ lẹ́nu ènìyàn. Mo jókòó kọ ọ́ ni, ní Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀, mo sì gbé e kiri fún àwọn obìnrin tí kò lè kà á. Wọ́n tẹ̀ka nítorí pé wọ́n gbà mí gbọ́. Sàbúrátù náà wà lára wọn.

Nọ́ọ̀sì Festus sọ fún yín pé òun kọ ìkìlọ̀ sí ìwé èsì náà. Ẹ wá ìwé náà títí, ẹ kò rí i. Inú báàgì mi ló wà. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí mò ń kọ ẹ̀sùn. Mo so ó mọ́ lẹ́tà yìí, ohun tó fi bírò pupa kọ sì hàn kedere.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lò tó oṣù mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣe kòńgẹ́ Nọ́ọ̀sì Festus ní Uwani. Mo fẹ́ yà gba ọ̀nà mìíràn, ó ti rí mi. Kò bú mi. Ó bi mí bóyá Sàbúrátù ti ń jẹun, bóyá ó ti pa irin tì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ mi síbi tí ẹ kọ tirẹ̀ sí. Ìyà yòówù tí ẹ bá rí pé ó tọ́ sí mi, n kò ní jiyàn. Ẹ jọ̀wọ́ pẹ̀lú, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ògbufọ̀ kankan kúrò níwájú nọ́ọ̀sì mọ́, àfi tí aláìsàn bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́.

Ẹ má bínú pé èdè wa ni mo fi kọ ọ́ sí yín. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi purọ́ fún àwọn obìnrin náà, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí kí ó tó kúrò nílẹ̀. Mo kà á sí wọn létí ní ìpàdé àná. Sàbúrátù ní kí n tún ohun tí nọ́ọ̀sì fi bírò pupa kọ sọ fún òun ní Yorùbá. Mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ kó tó tẹ̀ka sí lẹ́tà yìí, àwọn yòókù sì tẹ̀ka tẹ̀lé e.

Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yín tó kù. Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ló túmọ̀ rẹ̀. Sàbúrátù ló ní kí ó má ṣe jẹ́ èmi.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìtìjú,

Moríyọ̀ Ògúnbíyìí (Ìyáàfin),
Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá Ọmọ Yorùbá, Uwani, tẹ́lẹ̀rí.