Ẹṣin Inú Géèmù

Fadikpe, Minna
Oṣù Kẹjọ, 2006

Ẹ̀gbọ́n mi Akínpẹ̀lú,

Sannu o! Ẹ ò rí i bí Hausa ṣe ń dá ṣáká lẹ́nu mi? Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ.

Ẹ ní kí n sọ bí géèmù tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣe rí. Àléébù rẹ̀ pọ̀, àmọ́ mi ò lè fi í sílẹ̀. Ìlú ńlá ni, ibi tó bá wuni lèèyàn ń lọ. Ẹṣin mi há sí àárín òkúta, ló bá di kí n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà sì ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ lójoojúmọ́.

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni mo ṣe: gbogbo àgbàlagbà tí mo bá pàdé ni mo ń dúró kí. Àṣé ẹni téèyàn bá kí níbẹ̀ ló máa ń fúnni níṣẹ́! Kíá, iṣẹ́ ti kún mi lọ́wọ́, mo sì ti fi owó rẹ̀ ra ilé níbẹ̀.

Ní ọ́fíìsì tí mo tìtorí ẹ̀ wá sí Minna náà, mò ń kí wọn, látorí mẹ́gáàdì dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé. "Sai gobe" ni akọ̀wé ń wí, kí n pa dà wá gba lẹ́tà iṣẹ́ mi lọ́la. Ó ti pẹ́ tó ti ń wí bẹ́ẹ̀. Kò sí wàhálà. Látibẹ̀ ni mo ń gba ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lọ ní Limawa, pẹ̀lú táì lọ́rùn mi, tí màá máa ta géèmù náà títí NEPA á fi mú iná lọ.

Ẹ bá mi kí Màmá. Tí wọ́n bá bèèrè mi, ẹ ní mo ti ra ilé, mo ti ń gun ẹṣin. Ẹ ṣáà má dárúkọ ìlú náà fún wọn.

Àbúrò yín,
Òkìkíọlá